Ṣé àbímọ́ ni oge àwọn ará Faransé, àbí iṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé kalẹ̀?

Olùkọ́ Ìtàn (olùdásílẹ̀ ìjíròrò)

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ará Faransé ti bá oge wá, pé bí a ṣe bí wọn náà ni wọ́n ṣe mọ aṣọ. Ohun tí àkọsílẹ̀ ìtàn fi hàn yàtọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1550 sí 1600, ààfin Sípéènì ni àwọn ọlọ́lá Yúróòpù ń wò kí wọ́n tó múra, aṣọ dúdú tó dúró gbagidi ni wọ́n sì ń wọ̀ kiri. Ìlú Fẹ́nísì (Venice) ni léèsì àti dígí ìwojú tó gbayì jù lọ ti ń wá, àwọn ìlú Ítálì ló ń hun ṣẹ́dà tí àwọn ọba ń rà, owó ilẹ̀ Faransé sì ń ṣàn jáde lọ bá wọn lọ́dọọdún.

Ẹni tó pinnu pé òun yóò yí odò owó yìí padà ni Jean-Baptiste Colbert, tó jẹ́ alábòójútó ètò ìṣúná fún Ọba Louis Kẹrìnlá láti ọdún 1665 títí ó fi kú ní 1683. Ìlànà rẹ̀ ni pé ohunkóhun tí àwọn ọlọ́lá bá ń rà láti òkèèrè, kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é nílé, kí wọ́n sì ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará òkèèrè fúnra wọn yóò fi máa wá rà á. Ní 1665 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ dígí ti ọba sílẹ̀, èyí tí ayé mọ̀ sí Saint-Gobain lónìí, wọ́n sì fi owó fa àwọn oníṣẹ́ dígí wá láti Fẹ́nísì, ohun tí ó bí àwọn aláṣẹ ìlú náà nínú gidigidi. Lọ́dún yẹn kan náà ni iṣẹ́ léèsì ti ọba bẹ̀rẹ̀ ní Alençon àti ní àwọn ìlú mìíràn, tí wọ́n sì mú àwọn obìnrin tó mọ iṣẹ́ náà dunjú wá láti Fẹ́nísì kí wọ́n lè kọ́ àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n fòfin de léèsì òkèèrè, wọ́n bu owó bodè ńlá lé aṣọ àjèjì, wọ́n sì kọ òfin sílẹ̀ lórí bí aṣọ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó àti irú òwú tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kí orúkọ ọjà Faransé má baà bàjẹ́ lójú oníbàárà.

Nígbà tí ọba kó ààfin lọ sí Versailles pátápátá ní 1682, gbogbo ìjòyè tó bá ń wá ojúrere rẹ̀ ní láti gbé ibẹ̀, ó sì ní láti múra bí ibẹ̀ ṣe ń fẹ́. Ìwé ìròyìn *Mercure Galant*, tí Jean Donneau de Visé dá sílẹ̀ ní 1672, ń sọ fún àwọn tó wà ní ẹ̀yìn odi Paris ohun tí àwọn ará ààfin ń wọ̀ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn àti ní àkókò òtútù. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n náà wà: aṣọ tí kò tíì gbó di aṣọ àná, nítorí pé àkókò rẹ̀ ti kọjá. Mo fẹ́ gbọ́ èrò yín. Ṣé ìjọba ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, àbí àwọn mìíràn wà tí ìtàn ti gbàgbé?

Ọmọ Ahunṣọ Ìsẹ́yìn

Ẹ kú àlàyé, Olùkọ́. Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí pé kí wọ́n tó bí Colbert ni òfì ti ń dún ní Lyon. Ọba François Kìíní ló fún Étienne Turquet àti Barthélemy Naris ní àṣẹ ní 1536 láti máa hun ṣẹ́dà níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Ítálì sì ni Turquet. Ìlú ọjà ni Lyon jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó wà ní ojú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà wọlé láti Ítálì, nítorí náà owó, òwú àti ọgbọ́n iṣẹ́ pàdé níbì kan. Colbert bá ilé tí a ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó wá kọ́ ọ ga sí i.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú ìtàn Lyon ni bí wọ́n ṣe dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àdàkọ. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, lọ́dọọdún ni wọ́n ń yí ọnà ara aṣọ padà. Àwọn ayàwòrán wọn a lọ sí Paris láti wo ohun tí ojú àwọn ọlọ́lá ń fẹ́, wọn a padà sí Lyon láti ya tuntun, òfì a sì gbà á. Kí ahunṣọ ìlú mìíràn tó rí ọnà náà, kí ó tó tò ó sórí òfì tirẹ̀, kí ó tó gbé e dé ọjà, Lyon ti gbé òmíràn jáde, ọjà aládàkọ a sì di ti èṣí. Philippe de Lasalle, tó gbé ayé láti 1723 sí 1804, ni wọ́n máa ń dárúkọ jù nínú àwọn tó mọ ọnà yìí, nítorí pé ó mọ àwòrán yíyà, ó sì tún mọ òfì fúnra rẹ̀.

Ní ti ìnira iṣẹ́ náà, ẹni tó bá ti jókòó sídìí òfì rí yóò mọ̀. Láti hun òdòdó tàbí ẹyẹ sára ṣẹ́dà, ẹnì kan ní láti dúró ti ahunṣọ, kí ó máa fa àwọn okùn tó ń gbé òwú sókè, lọ́pọ̀ ìgbà ọmọdé sì ni. Ẹ̀rọ tí Joseph Marie Jacquard gbé jáde ní 1804, tó ń lo páálí tí wọ́n lu ihò sí, ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Ní agbègbè Croix-Rousse ni àwọn ahunṣọ kó òfì tuntun yìí sí, nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ga nítorí gíga ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń hun ṣẹ́dà ọba kò rí oúnjẹ jẹ yó. Ahunṣọ ló ni òfì, oníṣòwò ló ni òwú, oníṣòwò náà ló sì ń dá iye tí yóò san lórí iṣẹ́. Ní 1831 wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí iye tó kéré jù lọ tí a gbọ́dọ̀ máa san, àwọn oníṣòwò kan kò gbà, àwọn ahunṣọ sì gba ìlú náà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí wọ́n kọ sára àsíá dúdú wọn ni pé kí àwọn ṣiṣẹ́ kí àwọn sì yè, tàbí kí àwọn kú lójú ìjà. Ní 1834 wọ́n tún dìde, àwọn ọmọ ogun sì ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀. Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tó gbé oge Faransé ga, ó yẹ kí a ka àwọn yẹn mọ́ ọn.

Abẹ́rẹ́-Wúrà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Aránṣọ ni mí, mo sì ṣàkíyèsí pé a ti sọ̀rọ̀ títí dé orí òfì, ṣùgbọ́n a kò tíì dé orí abẹ́rẹ́. Ó ní àkókò kan tí òfin Paris fi rírán aṣọ obìnrin sọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ ọkùnrin. Ní 1675 ni ọba gbà kí àwọn obìnrin aránṣọ ní ẹgbẹ́ tiwọn, kí wọ́n sì máa rán aṣọ fún obìnrin àti ọmọdé. Wọn kò fún wọn ní gbogbo ẹ̀tọ́: kọ́sẹ́ẹ̀tì tó ń fún àyà àti aṣọ ìgunwà ààfin ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọmọbìnrin lè kọ́ṣẹ́, kí ó gba òmìnira, kí ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ẹ wo Rose Bertin, tí wọ́n bí ní Abbeville ní 1747, tí ìdílé rẹ̀ kò sì jẹ́ olówó. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Saint-Honoré tí wọ́n ń pè ní Le Grand Mogol, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Ayaba Marie-Antoinette ti ń ra fìlà, rìbọ́ọ̀nù àti aṣọ. Ó máa ń wọlé tọ ayaba lọ nínú yàrá rẹ̀ láti fi ohun tuntun hàn án, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìjòyè kò rí. Àwọn ènìyàn ń pè é ní mínísítà oge, ohùn àwọn tó sọ ọ́ kò sì dùn nígbà náà, nítorí pé ó ń bí wọn nínú pé ọmọ tálákà ń bá ayaba jókòó. Àwọn bèbí tí wọ́n wọ aṣọ Paris fún ni wọ́n ń rán lọ sí àwọn ààfin òkèèrè, kí àwọn aránṣọ ibẹ̀ lè wo àwọn bèbí náà kọ́ iṣẹ́. Nítorí náà, Olùkọ́, mo gbà pé Colbert kọ òfin. Ṣùgbọ́n òfin kò mọ bí a ti ń rán apá aṣọ.

Akọ̀wé Kọ̀tọ́nù

Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ohun kan láti fi kún un tí kò dùn láti sọ. Oge tí a ń yìn yìí ní ẹ̀yìn rẹ̀ ní etí òkun wa níhìn-ín. Láti 1686 títí di 1759 ni ìjọba Faransé fòfin de aṣọ òwú aláwọ̀ mèremère tó ń ti Íńdíà wá, nítorí àti dáàbò bo àwọn tó ń hun ṣẹ́dà àti irun àgùntàn. Fàyàwọ́ kò jẹ́ kí òfin náà múlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń rán àwọn tí ọwọ́ bá tẹ̀ lọ wa ọkọ̀ ọba gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbé òfin náà kúrò, Christophe-Philippe Oberkampf, ọmọ bíbí ilẹ̀ Jámánì, dá ilé iṣẹ́ aṣọ alámì sílẹ̀ ní Jouy ní 1760, aṣọ Jouy sì di ohun tí ààfin ń lò.

Ní Nantes ẹ̀wẹ̀, àwọn oníṣòwò ẹrú dá ilé iṣẹ́ tí ń tẹ irú aṣọ òwú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń fi ra ènìyàn ní etí òkun Áfíríkà. Àwọn Faransé ní odi agbára ní Ouidah fún òwò yìí. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Saint-Domingue, tí í ṣe Haiti òde òní, jẹ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó, èyíinì ni àwọn baba àti ìyá wa, orúkọ Nàgó sì wà nínú ẹ̀sìn Vodou wọn títí di òní pẹ̀lú Ògún nínú rẹ̀. Ẹ̀lú tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró ní Faransé, àti òwú pẹ̀lú, wà lára ohun tí wọ́n fi ipá mú wọn gbìn níbẹ̀. Èmi kò sọ pé kí a má yin ọwọ́ tó mọ iṣẹ́. Mo ń sọ pé kí a ka gbogbo ọwọ́ náà.

Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ ṣeun gan-an, Akọ̀wé. Ó yẹ kí n ti gbé e sínú àlàyé mi láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀ka kan náà ni: ètò owó bodè tí mo ń sọ àti òwò ẹrú wà lábẹ́ àbójútó ẹnì kan náà. Colbert yìí kan náà ló pàṣẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òfin tó de àwọn ẹrú ní àwọn erékùṣù Faransé, tí ọba fọwọ́ sí ní 1685 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ará Lyon

Mo ń gbé ní Lyon, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú ìdùnnú. Ìbéèrè mi sí Olùkọ́ ni èyí: bí ó bá jẹ́ ìjọba ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣé kì í ṣe ìjọba náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á? Ní 1685 kan náà tí ẹ dárúkọ ni Louis Kẹrìnlá fagi lé òfin tó fàyè gba àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì láti máa sin Ọlọ́run bí wọ́n ti fẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́-ọwọ́ sá lọ, àwọn ahunṣọ ṣẹ́dà lára wọn sì fìdí kalẹ̀ sí Spitalfields ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń bá Lyon díje. Lẹ́yìn náà ni Ìyípadà Ńlá tí àwọn ará Faransé fi dojú ìjọba ọba bolẹ̀ dé: ní 1791 wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ ká, àwọn oníbàárà tó lówó sì sá kúrò nílùú tàbí kí wọ́n bẹ́ wọn lórí. Napoleon ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra ṣẹ́dà Lyon fún àwọn ààfin rẹ̀ kí òfì má baà dákẹ́.

Ọjà-Balógun

Ọ̀rọ̀ Ará Lyon ló mú mi wọlé. Oníṣòwò aṣọ ni mí, ojú ọjà ni mo sì fi ń wo ìtàn yìí. Títí di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, oníbàárà ló ń ra aṣọ, tí ó ń gbé e lọ fún aránṣọ, tí ó sì ń sọ ohun tí òun fẹ́. Ẹni tó yí èyí padà kì í ṣe ọmọ Faransé rárá. Charles Frederick Worth ni, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní ìlú Bourne ní 1825. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó wá sí Paris, níbi tó ti ń ta ṣẹ́dà ní ilé Gagelin. Ní 1858 ni òun àti Otto Bobergh, ọmọ Súwídìn, ṣí ilé aránṣọ tiwọn ní òpópónà de la Paix.

Ohun tí Worth ṣe ni pé ó kọ́kọ́ rán aṣọ sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Marie Vernet, ìyàwó rẹ̀, ló ń wọ̀ ọ́ fún àwọn ènìyàn láti wò, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ fún un. Oníbàárà a yan èyí tó wù ú, wọn a wọn ara rẹ̀, wọn a sì rán tirẹ̀. Ó rán orúkọ ara rẹ̀ mọ́ inú aṣọ. Ọmọ-aládé-bìnrin Pauline von Metternich, ìyàwó aṣojú ilẹ̀ Austria, wọ aṣọ rẹ̀ lọ sí ààfin, Ayaba Eugénie, ìyàwó Napoleon Kẹta, béèrè ẹni tó rán an, ilé Worth sì kún láti ọjọ́ náà títí ó fi ní òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,000. Àwọn olówó Amẹ́ríkà ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1868 ni àwọn ilé aránṣọ ńlá dá ẹgbẹ́ wọn, Chambre Syndicale, sílẹ̀.

Ẹ wo àwọn tó yí i ká nígbà náà. Hermès ti ń ṣe ìjánu àti gàárì ẹṣin láti 1837. Louis Vuitton ṣí ṣọ́ọ̀bù àpótí ìrìnàjò ní 1854. Aristide Boucicaut ti wọ Le Bon Marché ní 1852, níbi tí iye owó ti wà lára ọjà, tí a kì í ná an. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó oníbàárà wá, ẹni tó ń rìnrìn àjò sì nílò àpótí. Ìgbà tí ọjà bá so mọ́ ọjà báyìí ni iṣẹ́ ń di ńlá, èyí kò sì sí nínú òfin Colbert.

Abẹ́rẹ́-Wúrà

Ẹ̀gbọ́n Ọjà-Balógun, mo dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àwọn ilé yẹn. Nínú ilé aránṣọ ńlá, yàrá iṣẹ́ pín sí méjì. Àwọn kan ń rán aṣọ tó rọ̀ tí ń ṣàn lára, àwọn kan sì ń rán kóòtù àti aṣọ tó dúró. Wọ́n a kọ́kọ́ fi aṣọ òwú funfun lásán gé e, wọ́n a fi pín-ìn-nì dì í mọ́ ère onígi tí wọ́n ṣe sí ìwọ̀n ara oníbàárà, wọ́n a tú u, wọ́n a tún un ṣe, kí àlùmọ́gàjí tó kan ṣẹ́dà. Léèsì, ìyẹ́, bọ́tìnnì àti ọnà abẹ́rẹ́ a máa wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ kéékèèké tó wà káàkiri Paris.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1917, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọbìnrin aránṣọ Paris da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń kọrin kiri òpópónà. Ohun tí wọ́n béèrè ni ìsinmi ọ̀sán Sátidé láìyọ owó wọn, àti àfikún owó nítorí ọjà tó wọ́n. Wọ́n borí. Ní oṣù kẹfà ìjọba fi ìsinmi náà ṣe òfin fún iṣẹ́ aṣọ. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún mi pé Poiret, aránṣọ olókìkí Paris, ló bọ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì lára obìnrin, tàbí pé Chanel, aránṣọ olókìkí mìíràn, ló wọ̀ wọ́n ní aṣọ jẹ́sì tó rọ̀, mo máa ń rántí àwọn tó jókòó ti abẹ́rẹ́ náà.

Olùkọ́ Ìtàn

Ohun tí Abẹ́rẹ́-Wúrà sọ yìí gan-an ló gba iṣẹ́ náà là ní 1940. Nígbà tí àwọn Jámánì gba Paris, wọ́n fẹ́ kó iṣẹ́ aránṣọ ńlá lọ sí Berlin àti Vienna. Lucien Lelong, tó jẹ́ ààrẹ Chambre Syndicale, ló bá wọn jiyàn. Àlàyé rẹ̀ ni pé a kò lè gbé ilé aránṣọ kúrò láìgbé gbogbo àwọn tó ń ṣe bọ́tìnnì, ìyẹ́, rìbọ́ọ̀nù àti ọnà abẹ́rẹ́ fún un, àti pé ìlú ló kọ́ wọn láti ìran dé ìran. Iṣẹ́ náà dúró sí Paris. Mo mọ̀ pé àwọn kan bi í lẹ́yìn ogun nípa títà fún ìyàwó àwọn ọ̀gá Jámánì, ìbéèrè náà sì tọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ kò pàdánù iṣẹ́ wọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1945, kí ogun tó parí, aṣọ kò tó, iná mànàmáná kò tó, àwọn aránṣọ Paris sì rán aṣọ fún bèbí onírin tó lé ní 200, tí gíga wọn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 70. Wọ́n pàtẹ wọn ní ilé Louvre láti fi wá owó ìrànwọ́, lẹ́yìn náà wọ́n kó wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti New York. Gbogbo ojú ìrán abẹ́rẹ́ pé, bọ́tìnnì tó kéré bí orí pín-ìn-nì ń ṣí, ó sì ń pa dé. Ọdún yẹn kan náà ni òfin dáàbò bo orúkọ *haute couture*, ìyẹn iṣẹ́ àwọn ilé aránṣọ ńlá tí ń fi ọwọ́ rán aṣọ sí ìwọ̀n oníbàárà, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kàn lè kọ ọ́ sára ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1947, Christian Dior, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Lelong, fi aṣọ rẹ̀ àkọ́kọ́ hàn ní Avenue Montaigne: ìbàdí tó rí tínínrín, síkẹ́ẹ̀tì tó gba ọ̀pọ̀ yáàdì. Ẹni tó fún un lówó ni Marcel Boussac, olówó aṣọ òwú. Ẹ rí i pé ẹni tó ń ta aṣọ ló jèrè jù bí síkẹ́ẹ̀tì bá fẹ̀.

Ọjà-Balógun

Boussac tí ẹ dárúkọ yìí ló fà á dé òde òní. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wó ní 1978. Ní 1984 ni oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Bernard Arnault ra ohun tó kù, ìjọba sì lọ́wọ́ sí yíyàn án. Ó ta èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ìhunṣọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pàdánù iṣẹ́, ó sì di Dior àti Le Bon Marché mú. Ní 1987 ni Louis Vuitton àti Moët Hennessy, ilé iṣẹ́ ọtí, dara pọ̀ di LVMH, Arnault sì gba àkóso rẹ̀ ní 1989. Lónìí, lọ́fínńdà, báàgì àti bàtà ló ń mú owó wálé. Aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ rán fún ẹni kan ṣoṣo ló ń mú kí orúkọ náà níye lórí. Ó dùn mí pé àwọn ilé ìhunṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ jù sẹ́yìn.

Ọmọ Ahunṣọ Ìsẹ́yìn

Ó dun èmi náà. Síbẹ̀ mo rí i pé ní oṣù kejì ọdún 2020, Kenneth Ize, ayàwòrán aṣọ láti Nàìjíríà, gbé aṣọ òkè jáde ní Paris, lẹ́yìn tó ti dé ìpele àṣekágbá ẹ̀bùn LVMH ní 2019. Ìbéèrè mi ìkẹyìn ni pé ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun níṣẹ́ níbẹ̀, níwọ̀n bí kò ti sí ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ àtijọ́ mọ́?

Ará Lyon

Chambre Syndicale fúnra rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1927, ibẹ̀ ni Yves Saint Laurent, ọmọ tí wọ́n bí sí Oran ní Àlìjíríà, lọ kí Dior tó gbà á síṣẹ́. Ní 2019 ni wọ́n da ilé ẹ̀kọ́ náà pọ̀ mọ́ Institut Français de la Mode, ilé ẹ̀kọ́ oge kan ní Paris. Chanel náà ti ń ra àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí wọn ì bá kógbá sílé, ó ra àwọn Desrues tó ń ṣe bọ́tìnnì ní 1985, ó sì ra Lesage tó ń ṣe ọnà abẹ́rẹ́ ní 2002. Lesage ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni láti ìlú kankan ló sì lè san owó wọlé síbẹ̀. Ní ti ṣẹ́dà, a ṣì ń hun ún, a sì ń tẹ ọnà sára rẹ̀ ní agbègbè Lyon níhìn-ín, gèlè onígun mẹ́rin tí Hermès ti ń tà láti 1937 wà lára rẹ̀.